"Ẹ" Tó Pa Gbogbo Wa

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni Ẹ̀gbọ́n yọ káfíńtà kúrò nínú ẹgbẹ́ wa, láìjẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí rẹ̀, inú ṣì máa ń bí mi.

Ẹgbẹ́ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kì í sì í ṣe ti ọjà. Ẹgbẹ́ géèmù ni. Àwa mẹ́wàá la wà níbẹ̀, gbogbo wa ń gbé ìlú Libreville, gbogbo wa sì ń sọ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá wa kò rí bákan náà. Àwọn kan wá láti Nàìjíríà, àwọn kan láti Bẹ̀nẹ̀. Àwọn mìíràn, bíi àbúrò mi obìnrin, ìlú yìí ni wọ́n bí wọn sí, Faransé ló sì yá lẹ́nu wọn jù. Lọ́jọ́ Àìkú, bí àwa onígbàgbọ́ bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí àwọn Mùsùlùmí ti kírun Àìlà, kálukú á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nílé rẹ̀, á fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, a ó sì jọ lọ bá ẹranko burúkú jà nínú géèmù. Bí wọn ò bá mú iná lọ, a lè jà títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ́ ṣú.

Ẹ̀gbọ́n ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ọkùnrin tó lè bí mi ni, ó ń ta táyà ní àdúgbò Nzeng-Ayong. Lójú ìjà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dúró síwájú ẹranko, kó gba ìyà lórí ara rẹ̀ kí ẹranko náà má bàa yíjú sí àwa yòókù. Káfíńtà, ará Bẹ̀nẹ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní àdúgbò Derrière la Prison, ló ń wo ọgbẹ́ wa sàn bí a ṣe ń jà. Èmi, tí mò ń ta ohun èlò fóònù ní Kalikak, ni mò ń pàṣẹ: ta ni kó sá, ta ni kó dúró, ìgbà wo ni ká jọ kọlù ú. Èmi náà ni mò ń ka lọ́ọ̀gì.

Lọ́ọ̀gì ni àkọsílẹ̀ ìjà. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ogun ni géèmù ń kọ sílẹ̀: ẹni tí iná jó, ẹni tó wo ọgbẹ́ ẹnì kejì, ẹni tó kọ́kọ́ kú, ibi tí ẹsẹ̀ kálukú wà nígbà tó kú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí oníbàárà tó máa wọlé, èmi àti àbúrò mi á ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù, a ó máa wò ó bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ibi tí a bá ti kùnà, a ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gúrúùpù wa lórí fóònù, kí kálukú lè tún tirẹ̀ ṣe.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn lọ́ọ̀gì nígbà yẹn. Ìgbà kan wà tí lọ́ọ̀gì fi hàn pé àbúrò mi máa ń dúró sínú omi májèlé láìmọ̀. Ẹ̀gbọ́n kà á sókè sétí gbogbo wa. Ó ní, "Ẹ wo ọmọbìnrin yìí. Májèlé ló fi ń wẹ̀." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi yọ ohun ìgbọ́rọ̀ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ sunkún. Nígbà tí mo bẹ Ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n máa fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, wọ́n dá mi lóhùn pé, "Òótọ́ ọ̀rọ̀ kì í ṣe èébú. Lọ́ọ̀gì kì í ṣègbè." Mo gbà. Àbúrò mi náà gbà, ó sì yéé dúró sínú májèlé.

Lẹ́yìn náà ni a bá ejò abìyẹ́ pàdé. Bí ejò yìí bá ti na ọrùn sókè, iná ló fẹ́ tu lé ẹni tó dúró síwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló gbọdọ̀ sún sẹ́yìn, kí iná náà lè bọ́ sórí ilẹ̀ lásán. Àwa yòókù kò gbọdọ̀ mira, nítorí odò iná mìíràn wà lẹ́yìn wa.

Ejò na ọrùn. Mo ní, "Ẹ sún sẹ́yìn." Ẹ̀gbọ́n sún. Gbogbo wa sún. A kó sínú odò iná, a kú tán.

A tún bẹ̀rẹ̀, a tún kú bákan náà. Ní ọjọ́ Ajé, àbúrò mi ló kọ́kọ́ rí i nínú lọ́ọ̀gì pé ẹsẹ̀ gbogbo wa jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àǹtí, 'ẹ' tí ẹ̀ ń sọ yẹn ló ń pa wá," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n nìkan lẹ̀ ń bá wí, ṣùgbọ́n gbogbo wa rò pé àwa ni."

Òótọ́ ni. Mi ò lè bá ẹni tó lè bí mi sọ̀rọ̀ kí n má fi "ẹ" sí i, ẹnikẹ́ni tó bá sì gbọ́ "ẹ" á ṣáà gbéra. Àbúrò mi ní kí n kúkú máa sọ ọ́ ní Faransé. Mo ní "vous" tí Faransé fi ń pe àgbà àti ọ̀pọ̀ ènìyàn náà kò yàtọ̀. Mo gbìyànjú láti máa kọ́kọ́ pe "Ẹ̀gbọ́n," ṣùgbọ́n kí n tó pè é tán, iná ti dé. Nígbà tó yá, mo kọ̀wé sí gúrúùpù, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n. Mo ní lójú ogun nìkan, "sún" lásán ni n ó máa sọ fún wọn, kì í ṣe àfojúdi, kí àwọn yòókù lè mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ni. Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé, "Kò burú."

Ọjọ́ Àìkú dé. Ejò na ọrùn. Mo ní, "Sún." Ẹ̀gbọ́n kò sún. Wọ́n kàn dúró gbagidi síwájú iná. A kú. A tún bẹ̀rẹ̀, mo tún ní "sún," wọ́n tún dúró. Bí a ṣe ń kú lọ́sàn-án yẹn nìyẹn.

Nígbà tó sú wa, Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀. "Káfíńtà yìí ni ìṣòro wa. Kò mọ ìtọ́jú í ṣe. Mo dúró, mo ń kú, kò wò mí sàn."

Káfíńtà rọra dáhùn ní Yorùbá Nàgó rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, agbára mi ló ń tán, nítorí pé iná yẹn..."

Ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ohùn rẹ̀ pòórá. Ẹ̀gbọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Kò sí ẹni tó gbèjà rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n."

Ní ọjọ́ Ajé, a ṣí lọ́ọ̀gì. Kò sí ohun tó fara sin níbẹ̀. Iná ejò bọ́ lé Ẹ̀gbọ́n lórí nígbà gbogbo. Gbogbo agbára káfíńtà ló ń dà sára Ẹ̀gbọ́n, títí kò fi sí nǹkan kan tó kù fún àwa yòókù. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń kọ ọ́, mo fi "ẹ jọ̀ọ́, sà" bẹ̀rẹ̀, mo fi parí, mo sì ní ká pe káfíńtà padà.

Ohùn Ẹ̀gbọ́n ló dé sí gúrúùpù náà. "Ẹ̀rọ ni yóò wá máa kọ́ mi bí mo ṣe máa rìn? Ọmọ tí mo lè bí ń sọ 'sún' fún mi bí ẹni ń lé ewúrẹ́, ẹ fẹ́ kí n sún?"

Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ dúró ni. Síbẹ̀, bí àwọn yòókù ṣe ń kọ̀wé tẹ̀ léra wọn nìyí: "Ẹ má bínú, sà." "Ẹ fojú fò ó, sà." Kò sí ẹni tó dárúkọ káfíńtà. Mo gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì nítorí ó ń ṣe mí bíi kí n sọ ọ́ mọ́lẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀kan nínú àwa tó kù, bàbá kan tó ń ta aṣọ, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fún un ní àga.

"O kàn máa lọ bẹ Ẹ̀gbọ́n ni," ó wí.

"Kí ni n ó ní mo ṣe, sà?"

"Sọ pé o ṣe àṣìṣe."

"Ṣé irọ́ ló wà nínú lọ́ọ̀gì ni?"

"Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo òótọ́ kọ́ là ń sọ fún àgbà."

"Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún àbúrò mi ńkọ́, sà?"

"Ọmọdé nìyẹn."

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo tún kúnlẹ̀ pé ó dàbọ̀. Mi ò lọ bẹ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀gbọ́n mú olùtọ́jú tuntun wá, oníbàárà rẹ̀ kan. Ejò na ọrùn. Mo panu mọ́, mi ò sọ "ẹ," mi ò sọ "sún." Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ sún sẹ́yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́. Bí ejò ṣe kú nìyẹn.

"Ṣé ẹ rí i?" ló wí. "Mo sọ fún yín pé káfíńtà ni."

Ariwo ìyìn gba etí mi. Àbúrò mi, tó jókòó sí òdìkejì yàrá, ń wo ojú mi. Mo yọ ohun ìgbọ́rọ̀, mo kọ ọ́ sí gúrúùpù pé mo ti kúrò. Òun náà kọ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ takisí lọ sí Derrière la Prison nínú òjò. Káfíńtà ń fá ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́. Ó nu ìjókòó fún mi, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mo mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n ò sún," ó ní. "Wọ́n sáà wà níwájú mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo ń sọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n yọ mí."

Ó tún gbá pákó ilẹ̀kùn náà mú, ó fá a síwájú, ó fá a sẹ́yìn, kó tó tún sọ̀rọ̀. "Yíyọ yẹn kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n ní mi ò mọ iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó ní irọ́ ni."

Àwọn méjì mìíràn dara pọ̀ mọ́ èmi, àbúrò mi àti káfíńtà, àwa márùn-ún la sì jọ ń ṣeré báyìí. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló ní kí n má fi "ẹ" bá òun sọ̀rọ̀ lójú ogun. Bí ìjà bá parí, kí n kí òun bó ṣe yẹ. A kò tíì pa ejò náà, nítorí a kéré. Ṣùgbọ́n bí a bá kú, a máa ń bi ara wa léèrè kí ẹnikẹ́ni tó gba ẹ̀bi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n yà sí ṣọ́ọ̀bù mi láti ra okùn fóònù. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni.

"Ṣé ẹ ṣì ń ka lọ́ọ̀gì yín?" ló bi mí.

"À ń kà á, sà."

Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ wọn."

Mo fún un ní okùn rẹ̀, mo ní ó dàbọ̀. Mi ò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà.