Òfin Ẹni Tó Bá Sùn Nípàdé

Lọ́dún 1955, kò sí ẹni tí kò mọ Ojúọlá ahunṣọ ní Ọ̀kà. Kíjìpá ọwọ́ rẹ̀ kì í gbó bọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ náà kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ahunṣọ, òfin tó sì le jù nínú ẹgbẹ́ náà ni pé ẹni tó bá sùn nípàdé, ìdúró ni yóò wà títí ìpàdé yóò fi parí. Ìyálé ni o, ìyàwó ni o, wọn kì í yọ ẹnì kankan sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ yìí ló ti Sakaráyà Ọdẹ́yẹmí lẹ́yìn tó fi di kánsẹ́lọ̀, nítorí kí wọ́n lè rí kànga. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn obìnrin a máa gun òkè, wọn a máa sọ̀ ọ́, nítorí ìkòkò omi kan ṣoṣo. Oṣù mẹ́fà kọjá, wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ọ̀rọ̀ ìjọba kì í yá bẹ́ẹ̀, ìyá," ni Sakaráyà máa ń wí.

"Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù o," ni Ojúọlá fi dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó ní Ìkàrẹ́, ó di ẹrù aṣọ bí ẹni ń rọjà, ó lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé ilé ìpàdé. Kí ló rí? Kánsẹ́lọ̀ wọn ló fọwọ́ lẹ́rán, tó ń han-an-run!

Alága ní, "Kànga kan ṣoṣo la rí lọ́dún yìí, a fẹ́ gbé e fún ìlú Ṣúpárè. Ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀?"

Gbogbo ilé dákẹ́, àfi imú Sakaráyà.

"Sakaráyà! Dìde dúró!" Ohùn tí Ojúọlá fi ń darí ìpàdé ló fi ké e.

Sakaráyà fò dìde. Alága rò pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ni, ó ní kó máa wí. Ọkùnrin náà wo fèrèsé, ó rí ojú Ojúọlá, ni ọ̀rọ̀ bá tú jáde lẹ́nu rẹ̀: ìkòkò tó fọ́, ẹsẹ̀ tó yẹ̀, aboyún tó ṣubú lórí àpáta. Nígbà tí alága ní kí wọ́n nawọ́ dìbò, Ọ̀kà ló gba kànga. Ọlọ́pàá ti ń lé Ojúọlá lọ nígbà náà, àmọ́ ijó ló ń jó lọ.

Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ ń yan obìnrin méjì tí yóò máa ṣọ́ fèrèsé, Sakaráyà náà sì ń wá jíyìn fún wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fa omi kànga, Sakaráyà wá sípàdé ẹgbẹ́, ó ń ròyìn, ó ń ròyìn, kò tán. Ojúọlá, tó ti ń pọnmi láti ìdájí, bá sùn lọ.

"Ìyá wa," ni Sakaráyà rọra wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde dúró."

Ojúọlá dìde, ẹ̀rín ń pa á. Sakaráyà sì mọ̀ọ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìròyìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.