Abíjàn Tí Kò Dé Rí

Ní Èjìgbò wa níbí, bí wọn ò bá rí èèyàn fún ìgbà díẹ̀, Abíjàn ni wọ́n máa ń sọ pé ó lọ. Wọn kì í sì í sábà ṣì í sọ, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agbo ilé tí kò ní ẹnì kan lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣòro fún ìyá kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ fún gbogbo ayé pé Abíjàn ni ọmọ òun wà, fún odidi ọdún mẹ́rin tí ọmọ náà fi wà lẹ́wọ̀n.

Èmi nìkan ló sọ òótọ́ fún, lọ́jọ́ tó mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Iṣẹ́ ọ̀dà ni mò ń ṣe níbẹ̀ látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà: pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, pátákó télọ̀, àwòrán ara ògiri ilé ìwé. Ọkùnrin náà ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún dáadáa. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó kó ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan.

"Ó fọ́ ilé ẹrù ọ̀gá rẹ̀, ó gbé jẹnẹrétọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ ẹlòmíì. "Ṣùgbọ́n Tíṣà, ó mọ àwòrán yà."

Mo lẹ́nu, mi ò sì ní sùúrù. Kí n má baà sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, mo fa bébà sìmẹ́ǹtì kan lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú èédú, mo ní kó ya mí. Ní tèmi, rúlà ni mo fi ń fa ìlà kéékèèké sójú bébà kí n tó ya ojú ẹnikẹ́ni. Òun ò wá rúlà. Etí mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní nínú yàrá tí wọ́n há àwọn mọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n tẹjú mọ́ ojú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń wò wọ́n, á ti etí bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, títí ẹni náà á fi kọjú sí i fúnra rẹ̀.

Nígbà tó parí, mo rí ara mi tòun ti ojú tí mo fà ro. Inú bí mi díẹ̀, inú mi sì dùn gan-an. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí. "Tíṣà mà, ẹ jẹ́ kí n máa sọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Wọ́n ń fi Faransé tí wọ́n ń sọ ní Abíjàn kí mi káàbọ̀ lójú títì, mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Ó ń ṣe mí bíi pé mi ò tíì délé."

Ìyá rẹ̀ dìde. "Ọjọ́ tó o bá sọ ọ́, má pè mí ní ìyá mọ́."

Ó gbà fún un. Èmi náà gbà, torí ìyẹn ló rọ̀ mí lọ́rùn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, màmá kan tó ti Abíjàn dé lóòótọ́ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Ó fẹ́ kí wọ́n ya ojú ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé sára ògiri iwájú, gàgàrà, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè rí i. Ó ti gbọ́ pé ará Abíjàn kan wà lọ́dọ̀ mi. Bó ṣe wọlé báyìí, ó kọjú sí i, Faransé ń dà lẹ́nu rẹ̀ ṣàà.

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo yára fẹnu sí i.

"Màmá, ẹ má dá a lóhùn, ó ti gbàgbé ni."

Màmá wò mí látòkèdélẹ̀. "Ta ló ń gbàgbé Faransé láàárín oṣù mẹ́ta?"

Àwọn méjì tó ń dúró de pátákó wọn bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó hun irọ́ mìíràn, ọkùnrin náà ti gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò dé Abíjàn rí. Ẹ̀wọ̀n ni mo wà. Mo jalè ni."

Màmá gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti kárí àdúgbò. Ìyá ọkùnrin náà gbé ẹrù ọmọ rẹ̀ síta, ni ọmọ bá kó wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́jọ́ ìsinmi, ìyá náà pààrọ̀ ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì kó má baà jókòó tì mí. Ojú tì mí. Àìmọye ọmọ ni mo ti nà nítorí irọ́ ní ilé ìwé, olè wá ń sọ òótọ́, tíṣà ń parọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un gẹ́lẹ́, mo ní kó má bínú. Ó ní kò sí ìbínú, ó ń po ọ̀dà rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, màmá padà wá pẹ̀lú fọ́tò ọkọ rẹ̀ nínú ọ̀rá.

"Ṣé o lu ẹnì kankan lọ́jọ́ náà?"

"Rárá, mà."

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o, mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó purọ́ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ìwọ kọ́." Kò wo ọ̀dọ̀ mi, kò sì dìgbà tó bá wò mí kí n tó mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. "Wá ya ọkọ mi."

Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ṣe é. Etí náà ló tún ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kù díẹ̀ kó parí, àwọn ọlọ́kadà ti dúró wò, màmá jókòó sórí àga níwájú ògiri, ó ń sunkún, ó ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ìgbà náà ni mo rí ìyá ọkùnrin náà ní ìsàlẹ̀ títì, ó gbé igbá ẹ̀gẹ́ rù. Ọmọ rẹ̀ náà rí i látorí àkàbà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ọlọ́kadà kan tó gbé èrò tó ń lọ sí ìlú Ara pariwo pé, "Iṣẹ́ rèé! Abíjàn nìkan ni wọ́n ti lè kọ́ irú eléyìí!"

Ọmọ náà ń wo ìyá rẹ̀. Èmi, mo pa ẹnu mi dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi. Ìyá rẹ̀ sọ igbá kalẹ̀.

"Rárá o," ló wí. "Ẹ̀wọ̀n ló ti kọ́ ọ. Ọmọ mi ni."