Họ́ọ̀nù Tí Mọ́tò Mẹ́ta Jogún

Họ́ọ̀nù náà dún: pí-pí, píìììp. Méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Màmá àgbà ju asẹ́ tí wọ́n fi ń jọ fúláwà sílẹ̀, wọ́n so ìró wọn le, wọ́n sì yára jáde sínú oòrùn Sókótó, oòrùn ọ̀sán gangan tí kì í wojú arúgbó. Wọ́n ṣí géètì gbàgà. Wọ́n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ kí mọ́tò kọjá. "Ẹ káàbọ̀ o, baálé mi. Ẹ kú oòrùn." Wọ́n ti géètì padà, wọ́n sì lọ sídìí fúláwà wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni níta. Mọ́tò tí họ́ọ̀nù rẹ̀ dún ti wà nínú ọgbà wa láti oṣù mẹ́rin, lábẹ́ igi dóńgóyárò, kò sẹ́ni tó jókòó sínú rẹ̀, ẹni tó ni ín sì ti wà nínú sàréè.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún náà. Ẹ má rò pé ẹ̀rù ń bà mí nígbà yẹn o. Ẹ̀rù ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Àwọn òbí bàbá mi ni mò ń sọ. Láti Ìlọrin ni wọ́n ti wá ń yan búrẹ́dì ní Sókótó kí wọ́n tó bí bàbá mi. Màmá àgbà ló ń pò, tó ń yan. Bàbá àgbà ló ń gbé e kiri, láti Kasarawa títí dé Wamakko, nínú mọ́tò Ítálì. Mọ́tò ìdílé ni, onílẹ̀kùn mẹ́rin, kì í ṣe mọ́tò ẹrù rárá, ṣùgbọ́n bàbá àgbà yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, wọ́n to atẹ́ búrẹ́dì síbẹ̀. Ọwọ́ òyìnbó kan tó wá kọ́ dáàmù ni wọ́n ti ra àkọ́kọ́. Ojú róbótó méjì ló ní, ó ń wo èèyàn bí ẹni tí ẹnu ń yà. Nígbà tí ìyẹn gbó, wọ́n ra àbúrò rẹ̀ tó ní ojú mẹ́rin, imú rẹ̀ sì gùn ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni èmi mọ̀ dáadáa: ojú rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ara rẹ̀ gún régé bíi búrẹ́dì inú agolo, kì í sì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Ìrísí wọn ń yí padà, àmọ́ ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. Bàbá àgbà kì í ra tuntun kí wọ́n má yọ họ́ọ̀nù ti àkọ́kọ́ yẹn, kí wọ́n gbé e sára rẹ̀.

"Àwọn oníbàárà mi ò mọ mọ́tò," ni wọ́n máa ń wí. "Ohùn ni wọ́n mọ̀."

Òótọ́ sì ni. Pí-pí, píìììp, kí eruku tó balẹ̀, àwọn ọmọ Wamakko á ti máa pariwo pe oníbúrẹ́dì ní Hausa, "Mai burodi! Mai burodi!" Nílé wa náà, bó bá ti dún báyìí, Màmá àgbà á fi gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Wọn ò gbà kí ẹlòmíì bá wọn ṣí géètì yẹn. Wọ́n ní ìyàwó ló ń ṣílẹ̀kùn fún ọkọ rẹ̀. Èmi nìkan ni wọ́n máa ń jẹ́ kí n di ìdajì kan mú, torí pé ìyàwó kékeré ni bàbá àgbà ń pè mí, Màmá àgbà sì ń pè mí ní orogún. "Orogún oníwọra, jẹ́ kí ọkọ wa sọ̀ ná kí o tó wọ inú búrẹ́dì!" Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn búrẹ́dì gbígbóná tó pò mọ́ ti pẹtiróòlù, omi ń bọ́ lójú mi.

Lọ́jọ́ tí bàbá àgbà kú, a wà ní ọlidé. Búrẹ́dì wà nínú ààrò, ó ti ń pọ́n jù. Họ́ọ̀nù dún. Màmá àgbà ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe sùúrù, búrẹ́dì yìí fẹ́ jó." Họ́ọ̀nù tún dún. Èmi náà gbọ́ ọ; mi ò sì lè dá lọ, torí pé ọwọ́ mi kún fún agolo. Nígbà tí a fi máa ṣí géètì, eruku lásán la bá. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ni àwọn èèyàn kan wa mọ́tò náà dé láti Wamakko, wọ́n tẹ́ bàbá àgbà sẹ́yìn níbi tí atẹ́ máa ń wà. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni bàbá àgbà páàkì sí ní wákàtí Àílà, ìrun ọ̀sán, wọ́n gbórí lé sítíárìn, ó parí. Wákàtí Àílà yẹn gan-an la gbọ́ họ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà wa.

Màmá àgbà ò pariwo. Ohun tí wọ́n ń sọ ṣáá ni pé, "Wọ́n dé o. Wọ́n wálé, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù."

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, họ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kì í ṣe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti dún, ẹ̀yìn Àílà ni. Bàbá mi pe rìwáyà kan, ọmọ Hausa tí ẹnu rẹ̀ mú. Ó yẹ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, ó ní ooru ló ń jẹ́ kí wáyà fara kan wáyà. Bàbá mi yọ bátìrì kúrò, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kejì, pí-pí, píìììp. Rìwáyà yẹn gbọ́ pé ó tún dún, ó ní "Ikon Allah!", pé agbára Ọlọ́run ni, kò sì padà sílé wa mọ́.

Bàbá mi fẹ́ ta mọ́tò náà, Màmá àgbà ò gbà. Ibi tí wàhálà wà ni pé ojú Màmá àgbà ti ń ṣe bàìbàì. Dókítà ní bí wọn ò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, ojú ọ̀tún á fọ́. Màmá àgbà ní kó fọ́. "Tí mo bá lọ sùn sí ọsibítù, ta ló máa ṣílẹ̀kùn? Ṣé kí n tún fi ọkọ mi sílẹ̀ nínú oòrùn lẹ́ẹ̀kejì ni?" Bàbá mi bẹ̀bẹ̀ títí, ó sunkún. Níkẹyìn Màmá àgbà gbà, wọ́n wá wojú mi.

"Orogún mi, ìyàwó wọn ni ìwọ náà. Tó bá dún, má jẹ́ kí wọ́n dúró níta. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Èmi yìí, tí mo máa ń bá àwọn ọmọkùnrin jà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì tí Màmá àgbà wà ní ọsibítù, ìyá mi wà ní ṣọ́ọ̀bù, èmi nìkan ni mo wà lágbàlá. Atẹ́gùn dúró. Àwọn adìẹ dákẹ́, gbogbo wọn kọjú sí géètì. Họ́ọ̀nù dún, kì í sì í ṣe láti abẹ́ igi dóńgóyárò mọ́ o. Ìta ló ti dún. Mo ti na ọwọ́ sí ìdábùú irin géètì, ó ku kí n fà á, ni mo rí i pé ilẹ̀ abẹ́ géètì ṣókùnkùn, bí ìgbà tí mọ́tò bá dúró síbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi sá. Àárín àpò fúláwà ni mo bá ara mi, mo di etí, mo sì ń gbọ́ ọ síbẹ̀. Ó dún, ó dún, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dún ẹyọ kan gígùn tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀.

Màmá àgbà padà dé pẹ̀lú báńdéèjì lójú. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi bi mí pé, "Ṣé wọ́n dé?"

"Wọ́n dé, Màmá."

"Ṣé o ṣílẹ̀kùn?"

"Mo ṣí i. Wọ́n wọlé. Wọ́n ní kí ẹ lọ sinmi."

Màmá àgbà gbá mi mọ́ra, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún. "Orogún mi, o ṣe é fún mi."

Họ́ọ̀nù ò dún mọ́ láti ọjọ́ náà. Màmá àgbà ní ẹni tó ti wọlé kì í kan ilẹ̀kùn. Ara tù wọ́n, ojú wọn là, wọ́n sì pẹ́ láyé dáadáa. Bàbá mi ta mọ́tò, họ́ọ̀nù nìkan ló fi sílẹ̀. Màmá àgbà gbé e fún mi nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò sẹ́ni tó bá a. Irọ́ mi fún Màmá àgbà ní ìfọ̀kànbalẹ̀, kò sì fún èmi. Mo mọ ẹni tí mo fi sílẹ̀ níta.

Gagi, nínú Sókótó yìí náà, ni mò ń gbé báyìí. Bí mọ́tò bá dún lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo ń dìde. Ọkọ mi ti sọ̀rọ̀ títí, ó ti sú u. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin lọ gba mọ́tò tókúnbọ̀ tó rà. Nínú gbogbo mọ́tò ayé, ọmọ-ọmọ mọ́tò Ítálì yẹn ló rà, ó ti rí roboto, kò ní igun kankan mọ́. Mo wà nídìí ẹ̀wà tí mò ń ṣà, ẹ̀yìn Àílà. Pí-pí, píìììp.

Ẹ̀wà dà nù. Mo sáré, mo ṣí géètì gbàgà, apá méjèèjì. Ọmọ mi ló wà nídìí sítíárìn, ẹnu yà á.

"Mọ́mì, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mo ti dé? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá kanlẹ̀kùn ni."

"O ò tẹ họ́ọ̀nù?"

"Họ́ọ̀nù wo? Ti mọ́tò yìí ò ṣiṣẹ́. Mo mú ti inú àpótí yín lọ fún rìwáyà, ó ní ọ̀la lòun máa dè é."

Ó nawọ́ sí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Họ́ọ̀nù bàbá àgbà wà níbẹ̀, nínú àkísà, láìsí wáyà kankan lára rẹ̀. Mi ò sá lọ́tẹ̀ yìí. Mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn gbígbóná.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ má bínú, ó pẹ́."

"Mọ́mì, ta lẹ ń kí?"

Mo ní, "Wa mọ́tò wọlé. Wọ́n ti dúró nínú oòrùn tó."