Ọ̀bọ Tó Wọ Ilé Wa ní Àgídìngbì

Ìyá ọkọ mi ti lo oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọ̀rọ̀ tí èmi àti wọn ń bá ara wa sọ kò sì ju "Ẹ káàárọ̀, Mà" àti "Ṣé o jí dáadáa?" lọ. Ojú ló ń dùn wọ́n tí wọ́n fi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá gba ìtọ́jú. Mùsùlùmí ni wọ́n. Èmi, ilé Aládùúrà ni wọ́n bí mi sí. Kò sí ìjà láàárín wa o. A kàn ń yẹra fún ara wa ni.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, nínú pálọ̀ wa náà. Aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá Oregun ni mo máa ń rán, aṣọ búlúù tó nípọn bí àpò. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí atẹ́gùn lè wọlé. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ tí ìdérí ìkòkò jábọ́ nílé ìdáná. Mo rò pé ológbò àwọn ará ilé kejì ni, mo bá mú bàtà kan dání, mo lọ wò ó.

Ọ̀bọ ni. Ó jókòó sórí tábìlì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí mo rà lánàá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ funfun bí òwú, ikùn rẹ̀ pupa rúsúrúsú, omi òjò sì ń kán nídìí ìrù rẹ̀ gígùn. N kò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Mo ké "Jésù!", mo ju bàtà nù, mo fa ọmọ odó yọ.

"Má lù ú!"

Ìyá ọkọ mi ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Wọ́n ti jáde látinú yàrá wọn, tẹ̀súbáà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Mọ́mì, ẹranko ni o! Ó máa gé wa jẹ!"

"Mo mọ̀ pé ẹranko ni. Ojú ń dùn mí ni, kò fọ́. Gbé ọmọ odó yẹn sílẹ̀, ìyàwó."

Mo gbé e sílẹ̀. Wọ́n rọra jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ọ̀bọ náà wò wọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tó yíra padà ni mo rí okùn ọ̀rá tó wà níbàdí rẹ̀. Okùn náà ti wọ inú ẹran ara lọ, ojú egbò náà ti ń ṣe ọyún.

Mọ́mì ní, "Wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ni. Wò ó bó ṣe rù."

N kò mọ ohun tó wọ̀ mí lórí. Mo lọ mú sísọ́ọ̀sì mi. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni n ó gé e, okùn á já, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan okùn náà ni ó gé mi jẹ lọ́rùn ọwọ́, ó sì fò sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Igbe tí mo ké ló kó àwọn ayálégbé jáde. Mẹkáníìkì tó ń gbé yàrá iwájú gbé irin dání dé.

"Àjẹ́ ni! Ọ̀bọ wo ló ń rìn ní Àgídìngbì?"

Bàbá onílé wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó pa á, kí gbogbo wa sinmi."

Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ́wọ́ mi, inú sì ń bí mi. Ká ní èmi nìkan ni, n bá ní kí wọ́n pa á. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ti dìde, wọ́n na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ wọn kò ga ju èjìká mi lọ.

"Ìbejì ni mo bí," wọ́n wí. "Ọ̀kan ló kù, òun ni baálé ilé yìí. Nílé tèmi, a kì í lu ọ̀bọ. Ẹni tó bá fẹ́ pa á, kó kọ́kọ́ gbé mi kúrò níbí."

Mo mọ̀ pé ìbejì ni ọkọ mi, orúkọ rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́sàn-án tí a ti fẹ́ra, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu kan ìkejì rẹ̀ rí.

Bàbá onílé ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, Ìyá." Ó sì lé àwọn èèyàn sẹ́yìn.

A ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ ọ̀bọ náà, mo sì fi fóònù pe ọkọ mi. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀ mọ àwọn tó ń tọ́jú ẹranko igbó. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé mọ́tò dé, pẹ̀lú àwọ̀n àti àgò. Dókítà obìnrin kan ló fún ọ̀bọ náà ní abẹ́rẹ́ oorun. Ó gé okùn, ó fọ egbò, ó sì yíjú sí ìyá ọkọ mi.

"Ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí wọ́n pa á, Mà. Irú èyí ti ṣọ̀wọ́n gan-an. Igbó tó kù fún wọn kò pọ̀ mọ́, wọ́n sì ń gé ìyẹn náà lọ."

Ó ní ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan mú un wá tà láti igbó, kí ọ̀bọ náà sì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní kí n lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ẹni tí ajá dìgbòlugi gé jẹ.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo lọ gba abẹ́rẹ́ yẹn, Mọ́mì sì ń bá mi lọ ní gbogbo ìgbà. Orí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọmọ náà fún mi. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ, nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọkọ mi ń wá a kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

"Mọ́mì," mo bi wọ́n, "ṣé ẹ rò pé òun ló wá ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Rárá o, ìyàwó. Ọmọ mi wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ohun tí ebi ń pa, tó ti rẹ̀, tó wá wọlé tọ èèyàn, kí la fẹ́ lù ú fún?"

Lẹ́yìn oṣù méjì, dókítà fi fọ́tò ránṣẹ́. Egbò ti jinná, irun ti ń hù bò ó, ọ̀bọ náà sì wà lórí igi pẹ̀lú òmíràn tó jọ ọ́. Mọ́mì gbé fóònù sún mọ́ ojú wọn, wọ́n wò ó pẹ́.

Nígbà tí ojú wọn san, mo sìn wọ́n dé Abúlé Ẹ̀gbá láti wọkọ̀. Wọ́n ti jókòó tán, dírẹ́bà ti ṣáná, ni wọ́n fọwọ́ pè mí sójú fèrèsé.

"Ìyàwó, bí mo bá délé, pè mí. Kì í ṣe ọkọ rẹ ni mò ń sọ o. Ìwọ ni."