Àǹtí Dèbórà, Mo Ti Rí Kókó Yín

Háà, ó dìgbà kan ná, Àǹtí Dèbórà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tíṣà gbogbo ọmọ Yorùbá Tafo ní Kumasi níbí. Ikú wọ àdúgbò wa, ó fo gbogbo àwọn tó ń yọ wá lẹ́nu, ó wá mú ẹni tó ń kàwé fún wa. Ikú ò mọ èèyàn yàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé yìí, èmi Délé ni. Ẹni tí ò bá mọ̀ mí, kó dé ọjà Race Course, kó béèrè ọmọ tó ń ta kọ́fà fóònù. Wọ́n á sìn ín dé iwájú mi bí ẹni ń sin àlejò lọ sáàfin. Ìwé mi ò lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti dé Accra. Bùrọ̀dá Sámúẹ́lì, àkọ́bí Àǹtí, fẹ́ kí ẹni tó lọ yunifásítì kọ ìwé ìdágbére yìí. Àmọ́ Àǹtí ti sọ ọ́ kí wọ́n tó lọ: "Délé ni kó kọ tèmi. Ṣùgbọ́n kó má kàn ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Kó sọ kókó mi. Tí ò bá rí i, kó gbé bírò fún Sámúẹ́lì." Chale, ọ̀rẹ́ mi, ẹrù yẹn wúwo.

Àǹtí, ẹ rántí Sátidé tí mo kọ́kọ́ wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, níbi tẹ́ ẹ ti ń kàwé fún àwa ọmọdé? Ẹ ka ìtàn ọkùnrin kan tó ta ilé bàbá ẹ̀ kó lè ra alùpùpù, tí òjò wá ń lé e kiri ìlú. Ẹ ní, "Kí ni kókó ìtàn yìí?" Ọmọ Kumasi ni mí. Koko tí mo mọ̀ ni ògì gbígbóná tí à ń fi koose, àkàrà ibí, mu láàárọ̀. Mo nawọ́, mo fẹ àyà: "Àǹtí, kò sí koko níbẹ̀ rárá, koraa. Ẹ̀bà ni ọkùnrin yẹn jẹ."

Ẹ rẹ́rìn-ín títí awò ojú yín fi jábọ́. Ẹ ní, "Délé Oníkùn, kókó tèmi ò sí nínú ìkòkò. Ohun tó bá ń padà wá ṣáá nínú ìtàn, tó o tì í síta tó gba fèrèsé wọlé, ìyẹn ni kó o dì mú. Kó o wá bi í pé kí ló ń sọ." Lẹ́yìn náà, ẹ bu koko fún mi, ife kan náà tẹ́ ẹ bù fún àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo fi ń ṣòwò. Oníbàárà á dé, á ròyìn òjò, á ròyìn ọkọ, á tún padà sórí "àwa Yorùbá kan náà ni." Mo ti rí kókó ẹ̀: kí n dín owó kù.

Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti lọ ni wọ́n ń wá kí wa. Dírẹ́bà trotro kan ní ìyàwó òun lé òun jáde, ẹ bu koko fún òun. Ọmọbìnrin kan ní òun fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ẹ bu koko fún òun kẹ́ ẹ tó bi òun ní nǹkan kan. Maame Akosua, aládùúgbò tẹ́ ẹ̀ ń bá jà nítorí gọ́tà, ní ẹ bú òun tán, ẹ tún gbé koko ránṣẹ́.

Àǹtí, ohun tó ń padà wá ni koko. Mo bi í pé kí ló ń sọ. Ó ní nílé yín, ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, ife kan náà ni.

Mo kà á fún Bùrọ̀dá Sámúẹ́lì. Wọ́n wọ ilé ìdáná lọ, wọ́n lọ gbé omi koko kaná.

Ṣé mo rí i, Àǹtí? Tí mi ò bá sì rí i, mo mọ̀ pé ẹ ó ṣì bu tèmi. Ẹ sùn re o, ẹ fi ife mi pamọ́.