Iṣu Ọjà Lórí Pẹpẹ

Òórùn ìkórè ọdún náà ṣì wà nímú mi: màrìwò tútù tí wọ́n so mọ́ òpó ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ìlú Ìṣẹ́, ọsàn tó ti pọ́n jù, àti káńfọ̀ tó ń rùn lára aṣọ àwọn ìyá. Iṣu kún iwájú pẹpẹ débi pé agbára káká ni alùfáà fi rí ibi dúró sí. Ọjà ni wọ́n ti ra gbogbo rẹ̀.

Ọ̀dá ti dá wa lóró lọ́dún náà. Òjò pẹ́ kó tó dé, nígbà tó sì dé, ó ya bí ìjà, ó wọ́ ebè lọ. Àwọn agégẹdú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa igbó tó wà lórísun odò wa run. Odò tí a ń pọn, tí a fi ń fín kòkó, ti ń di ẹrẹ̀. Ìyá Ìjọ wa, opó tí oko kòkó rẹ̀ wà létí odò náà, ló kọ́kọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá àdúrà nìkan. Èmi, olùkọ́ ọmọdé nínú ìjọ, ni mo bá a rìn láti ilé dé ilé, títí ìjọ fi gbà pé ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìkórè, a ó lọ bẹ ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n dá igi gígé dúró. Ọ̀gá tí a fẹ́ lọ bá gan-an ni àlejò pàtàkì ìkórè wa. Nítorí náà ni Ìyá Ìjọ ṣe bẹ àwọn àgbẹ̀ pé ohun tí oko kálukú bá so, bó ti wù kó kéré, òun ni kí wọ́n gbé wá, kí ọ̀gá náà fojú ara rẹ̀ rí i. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Àwa Èkìtì! Ebi lè pa wá, ojú kò gbọdọ̀ tì wá.

Nígbà tí wọ́n pe àgbẹ̀, wọ́n gbé iṣu tí wọ́n rà jó jáde. Ìyá Ìjọ ló kẹ́yìn, kò sì jó. Èso kòkó dúdú tó gbẹ sórí igi ló wà nínú àwo rẹ̀. Orin dákẹ́. Alùfáà rọra sọ fún un pé kó gbé e jáde, pé ohun tó dára jù là ń fún Ọlọ́run.

“Ukórè oko mi rè é, Bàbá,” ó ní. “Èyí tó dára jù níbẹ̀ ni mo ṣà.”

Wọ́dìn ìjọ kan gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e síta. Ọ̀gá náà ń tẹ fóònù rẹ̀ ní tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó fara balẹ̀ gbọ́ wa tán ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Màmá, ṣebí mo wà ní ìkórè yín lánàá? Iṣu tí ẹ fún mi ṣì wà nínú búùtù ọkọ̀ mi. Ọ̀dá wo lẹ tún ń sọ?”

Mo sọ fún un pé ọjà ni wọ́n ti rà á. Ó yíjú sí àwọn àgbẹ̀ tó bá wa wá, ó bi wọ́n bóyá òótọ́ ni. Wọ́n wolẹ̀. Ìyá Ìjọ ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró dè wọ́n, ẹnì kankan ò lanu. Inú bí mi gan-an.

Agbégilódò kò yéé kọjá títí igbó náà fi tán. Odò gbẹ lọ́yẹ́, kòkó Ìyá Ìjọ kú tẹ̀lé e. Ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Adó, ibẹ̀ ló kú sí, kò tún fojú kan oko rẹ̀ mọ́. Ó ń dùn mí títí di òní.

Mi ò tíì fi ìjọ sílẹ̀, mi ò sì tíì yéé bá àwọn ọ̀dọ́ lọ dá àwọn agégẹdú lẹ́kun níbi tí wọ́n bá ti ń gé igi. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọ̀dọ́ náà bá ní ìjọba ló pa odò wa, mo máa ń rántí iṣu ọjà yẹn. Ọjọ́ Ìsinmi la purọ́ fún Ọlọ́run. Báwo ni ìjọba ṣe máa gbà wá gbọ́ lọ́jọ́ Ajé?