Ẹni Tó Ń Kanlẹ̀kùn Ahéré Vilho

Àwọn ọmọ tí Taimi ń fi bọ́ọ̀sì kó lọ sílé ìwé kì í pariwo nínú ọkọ̀. Kì í nà wọ́n, kì í sì í bú wọn. Ó kàn máa ń gbójú sókè wo dígí tó wà níwájú rẹ̀ ni, gbogbo wọn á sì panu mọ́ bí ìgbín tó fẹnu kan iyọ̀. Láti ìgbà tó ti lọ́kọ ló ti ń wa bọ́ọ̀sì yìí lójú ọ̀nà tó ti etí adágún ńlá wọ inú igbó lọ, ní apá òkè Míṣígàn, níbi tí yìnyín kì í ti í kúrò nílẹ̀ títí oṣù kẹrin á fi lọ sí ìdajì. Ọmọ àwọn ará Fínlándì tó wá wa kùsà nígbà kan ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn yẹn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, láàárín wọn náà, Taimi ni wọ́n ń pè ní adákẹ́.

Ọmọ ìyá kan ṣoṣo ló ní, Arvo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Agégẹdú ni Arvo, apọ́n ni, ọ̀tọ̀ ló sì ń gbé. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọn á kíra wọn bí àlejò méjì tó pàdé nídìí kànga. Ohun tó fa èyí ti pẹ́. Nígbà tí Taimi wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ni bàbá wọn, Vilho, kú sínú ìjì yìnyín lẹ́yìn ahéré tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sínú igbó. Wọ́n ní ó mutí, ó ṣìnà, otútù sì pa á. Taimi ni àyànfẹ́ Vilho. Àparò mi ló máa ń pè é, inú àpò kóòtù rẹ̀ ló sì ti máa ń yọ súìtì fún un. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Taimi sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, ṣùgbọ́n Arvo, tó ti tó ọmọ ọdún méjìlá, kò sunkún rárá. Kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ bo pósí tán, ó ti kẹ̀yìn sí wọn, ó ń lọ sílé. Taimi rí i, kò sì gbàgbé. Ogójì ọdún dín díẹ̀ ló fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kejì, obìnrin kan tẹ̀ ẹ́ láago láti ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ibẹ̀ ni ìyá wọn, Saima, ń gbé láti ìgbà tí iyè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Obìnrin náà ní Arvo wá mú màmá jáde lánàá pé àwọn fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán, wọn ò sì tíì padà, bẹ́ẹ̀ rédíò ní ìjì ń bọ̀. Taimi gbé fóònù sílẹ̀, ó nawọ́ mú kóòtù rẹ̀. Ó ti mọ ibi tí wọ́n wà.

Onni, ọkọ rẹ̀, ní, "Jẹ́ ká pe ọlọ́pàá."

"Ọmọ ìyá mi ni, kì í ṣe olè."

"Ọmọ ìyá ẹ tó ò bá sọ̀rọ̀ láti ọdún Kérésì."

"Mo bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ káàárọ̀." Ó ti ń so okùn bàtà. "Tí mi ò bá tíì dé títí ọ̀la, pè wọ́n."

Ó wa ọkọ̀ dé ibi tí ọ̀nà parí sí, ó wọ bàtà pẹrẹsẹ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ri sínú yìnyín, ó sì fẹsẹ̀ rìn wọ igbó. Nígbà tó máa fi rí èéfín ahéré náà, atẹ́gùn ti ń yí ọwọ́ padà, òfuurufú sì ti ṣú dẹ̀dẹ̀ bí ọjọ́ tó fẹ́ bàjẹ́. Arvo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìbọn ìṣọdẹ rẹ̀ wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Taimi, padà sílé."

"Bọ̀dá Arvo, ẹ gbé ìbọn yẹn sílẹ̀. Èmi kì í ṣe ìgalà."

"Mo ní kó o padà. Kò sóhun tó ṣe Màmá."

"Tí kò bá sóhun tó ṣe wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún mi."

Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọlé. Arvo tẹ̀ lé e, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi àgádágodo tuntun kan dè é nínú. Ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn, ó gbé e kọ́ ọrùn. Ìgbà yẹn ni Taimi rí i pé ó ti fi pákó kan gbogbo fèrèsé pa. 

Saima jókòó sídìí ààrò, ó da aṣọ nípọn-nípọn bora. Inú rẹ̀ dùn.

"Taimi! Ṣé o ti jẹun? Wo bó o ṣe gbẹ bí igi ìdáná. Ọkọ ẹ kì í fún ẹ lóúnjẹ ni?"

"Ó ń fún mi, Màmá. Mo wá mú yín lọ sílé ni."

Arvo ní, "Wọn ò lọ síbì kankan."

"Ṣé orí yín pé ṣá? Ẹ ti ìyá arúgbó mọ́lé bí adìyẹ, ẹ wá ń gbé ìbọn káàkiri."

"Orí mi pé. Mu kófì kó o máa lọ."

Ṣùgbọ́n kò rọ́nà lọ mọ́. Kí kófì tó hó, ìjì ti dé. Ó bo ahéré náà mọ́lẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá yọjú láti àárín pákó, funfun báláú nìkan ló máa rí. Taimi bọ́ kóòtù rẹ̀, ó jókòó. Wọ́n jẹ ẹja gbígbẹ àti búrẹ́dì, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àfi Saima, tó ń bi wọ́n léèrè màlúù kan tó ti kú kí wọ́n tó bí Taimi.

Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn. Gbà, gbà. Saima dìde. Ó lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó ń fọwọ́ pa á.

"Vilho wà níta."

Lójú ẹsẹ̀, Arvo yí rédíò sókè. Orin ijó gbalé kan.

"Ẹ pa rédíò yẹn," ni Taimi wí.

"Fi í sílẹ̀."

Taimi fúnra rẹ̀ lọ pa á. Saima ti yíjú padà, ó ń wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ohùn rẹ̀ mọ́, kò dà bí ohùn ẹni tí iyè rẹ̀ ra.

"Arvo, ọmọ mi, yọ igi ìdábùú yẹn lẹ́nu ilẹ̀kùn. Èmi ni mo ní kó o fi sí i, èmi náà ni mo ní kó o yọ ọ́. Ó ti kọ́gbọ́n báyìí. Jẹ́ kó wọlé."

 Arvo mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó dá a padà sórí àga, ó fi aṣọ bo orúnkún rẹ̀.  Taimi wò ó, ó wo ìyá rẹ̀, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Síbẹ̀ ó bèèrè.

"Bọ̀dá Arvo, kí ni Màmá ń sọ?"

Arvo jókòó. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ yẹn Vilho ti mutí láti àárọ̀, ó sì fi igi ìdáná ṣẹ́ Saima lọ́rùn ọwọ́. Ọwọ́ tí wọ́n sọ fún Taimi pé ìyá rẹ̀ já bọ́ látorí àkàbà ló fi ṣẹ́, igi ló ṣẹ́ ẹ. Vilho wá jáde lọ sí ilé ìwẹ̀ olóoru tó wà lẹ́yìn ahéré, ó fẹ́ lọ mú ìgò mìíràn, ó ní tóun bá padà òun máa parí iṣẹ́. Bó ṣe jáde, Saima ní, "Arvo, fi ìdábùú sí ilẹ̀kùn." Arvo sì fi sí i.

"A rò pé ilé ìwẹ̀ ló máa padà lọ sùn. Iná wà níbẹ̀, ibẹ̀ gbóná. Àárọ̀ la rí i nídìí òkìtì igi."

"Mo rántí ọjọ́ yẹn," ni Taimi wí. "Orí àjà ni mo wà. Màmá ń kọrin."

"Wọ́n ń kọrin kó o má baà gbọ́ bó ṣe ń kanlẹ̀kùn ni."

 Nínú gbogbo ohun tí Taimi rántí nípa ìgbà èwe rẹ̀, orin yẹn ló dùn mọ́ ọn jù. Òun náà ló fi rẹ àwọn ọmọ tirẹ̀ sùn.

Arvo ní, "Màmá ti ń sọ ọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní ìyá yín ní òun ti ọkọ òun síta. Ó rò pé eré ni. Ṣé wàá jẹ́ kí ọlọ́pàá wá máa bi arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún léèrè ọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ pa á," ni Taimi wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹ pa á, ẹ wá ń wò mí bí mo ṣe ń sunkún."

Arvo dìde. Ó já kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, ó fi ṣí àgádágodo, ó jù ú sórí tábìlì. "Ó yá, mú wọn lọ. Sọ fún gbogbo ayé." Ó mú ìbọn, ó sì jáde sínú ìjì.

Ìbọn tó mú dání yẹn ni Taimi rò. Ó ti apá kan bọ kóòtù, ó sáré tẹ̀ lé e, ó ń fọwọ́ tọ ara ògiri títí ó fi kan ilé ìwẹ̀. Arvo jókòó sínú òkùnkùn ibẹ̀ lórí pákó, ìbọn dábùú itan rẹ̀.

"Ẹ gbé e fún mi."

"Ìbọn ọdẹ ni. Mi ò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan."

"Ẹ gbé e fún mi, Bọ̀dá."

Arvo gbé e fún un. Taimi jókòó tì í. Atẹ́gùn ń fọn fèrè lórí wọn.

"Ṣé ó kanlẹ̀kùn pẹ́?"

"Ó pẹ́."

"Ṣé ó pe orúkọ mi?"

Arvo lè parọ́. Kò parọ́. "Orúkọ tìẹ nìkan ló ń pè. Ó ní kó o wá ṣílẹ̀kùn."

Taimi fọwọ́ bo ẹnu.  Òun ló kọ́kọ́ rántí pé òun ò ti ilẹ̀kùn ahéré nígbà tí òun sáré jáde.

Nígbà tí wọ́n padà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, yìnyín ti fẹ́ dé ìdí ààrò, àga Saima sì ṣófo. Arvo ké bí ẹni tí wọ́n gún. Ó so okùn mọ́ ìbàdí, ó so orí rẹ̀ kejì mọ́ òpó, ó sì gba ọ̀nà adágún tó wà nítòsí lọ, ó ń pe màmá. Kò pẹ́ tí ìjì fi gbé ohùn rẹ̀ mì.

Taimi kò lọ sí adágún. Ibi tí Arvo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ fún un ló lọ. Ó ń fi èjìká gbá ògiri bó ṣe ń lọ, títí orúnkún rẹ̀ fi kọlu òkìtì igi. Saima wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti bọ́ súẹ́tà rẹ̀, ó ti fi wé igi gbọọrọ kan, ó ń fọwọ́ ra á bí èèyàn ṣe ń ra ẹ̀yìn ọmọ.

"Taimi, o ṣeun tó o wá. Bá mi gbé e. Bàbá ẹ wúwo."

"Ẹ dìde, Màmá."

"Mi ò ní fi í sílẹ̀ síta. Mo fi í sílẹ̀ níjọ́sí."

Taimi gbé igi náà. Ó gbé e sí apá kan, ó fi apá kejì gbé ìyá rẹ̀ dìde. "Mo ti gbé wọn. Ẹ jẹ́ ká wọlé." Nígbà tí wọ́n wọlé tán, ó mú ìbọn tó gbà lọ́wọ́ Arvo, ó yìn ín sókè lẹ́nu ọ̀nà kí Arvo lè gbọ́, ó sì tún yìn ín, títí ó fi rí i tó ń rá bọ̀ lẹ́bàá okùn, irùngbọ̀n rẹ̀ ti di yìnyín.

Wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ ìyá wọn, wọ́n fi ara tiwọn mú un móoru. Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì jà mọ́. Iṣẹ́ ti pọ̀ ju ìjà lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ojú ọjọ́ mọ́, ọlọ́pàá kan sì gun alùpùpù orí yìnyín dé. Curtis lorúkọ rẹ̀, inú bọ́ọ̀sì Taimi ló ti dàgbà. Ó wo pákó tó wà lójú fèrèsé, ó wo ẹsẹ̀ Saima tó ti dúdú.

"Mà, kí ló ṣẹlẹ̀ níbí gan-an?"

Arvo dìde. "Curtis, ó ní ohun kan tí mo fẹ́ sọ. Ó ti pẹ́..."

"Kófì ẹ ń tutù, Curtis," ni Taimi wí. "Màmá ní àwọn fẹ́ lọ sí ahéré bàbá wa, bọ̀dá mi sì gbé wọn wá láì bi ẹnikẹ́ni. Ìwà òmùgọ̀ ni. Gbé wọn lọ sílé ìwòsàn."

Curtis wo ojú rẹ̀, ó sì mu kófì rẹ̀.

Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ Saima mélòó kan, ṣùgbọ́n ó yè. Taimi kò dá a padà sí ilé ìtọ́jú, ilé ara rẹ̀ ló gbé e lọ. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún Onni, Onni sì ní òun ò mọ ohun tí òun ì bá ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Arvo ń wá, nítorí ìgbà yẹn ni Saima máa ń dìde lọ sídìí ilẹ̀kùn. Arvo fẹ́ yí rédíò sókè. Taimi ní rárá. Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu, otútù sì wọlé.

"Ẹ wò ó, Màmá. Bàbá ti wọlé."

Saima wo ìta, ó wo inú. "Ó dáa," ló wí, ó sì lọ jókòó jẹun rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Onni ń kùn pé ooru ilé ń jáde, ṣùgbọ́n òun náà máa ń ṣí i bí Taimi ò bá sí nílé. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lára igi ni Saima kú, lọ́sàn-án, lórí àga rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Taimi yọ fọ́tò bàbá rẹ̀ kúrò ní pálọ̀, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó yá, ó tún gbé e jáde, ṣùgbọ́n kò gbé e padà sí pálọ̀. Ọ̀ọ̀dẹ̀ tó lọ sí ilé ìdáná ló gbé e kọ́. Ní Súńdè tí Arvo kọ́kọ́ rí i níbẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ́, àwo ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìṣó yìí wọ́," ló wí níkẹyìn. "Ta ló kàn án?"

"Èmi ni."

"Níbo ni òòlù wà?"

"Ẹ jẹun ná," ni Taimi wí.